Ọ̀rọ̀ Tí A Kọ sí Ẹnu-Ọ̀nà Sachsenhausen

Olóòtú ètò yìí bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Nazi ní Jámánì. Ohun tí mo lọ wò ni ohun tí ọ̀rọ̀ máa ń dà lẹ́nu ìkà.

Ìlú Oranienburg, ní àríwá Berlin, ni Sachsenhausen wà. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Kí ó tó di 1945, àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀ ti lé ní 200,000: àwọn alátakò ìjọba, àwọn Júù, àwọn Sinti àti Roma, àti ọ̀pọ̀ àjòjì. Láti 1961 ni ibẹ̀ ti di ibi ìrántí.

Amọ̀nà wa, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, ní kí n ka ohun tí a fi irin kọ sára ilẹ̀kùn: Arbeit macht frei. Mo túmọ̀ rẹ̀: “Iṣẹ́ ní í sọni di òmìnira.” Jìnnìjìnnì bò mí, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa. Àwa náà ń kọ́ ọmọ wa pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.

A dé ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń dán bàtà wò fún àwọn ilé-iṣẹ́. Wọ́n ń rìn tó 40 kìlómítà lóòjọ́ lórí òkúta àti yanrìn, pẹ̀lú ebi nínú. Bàtà ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹsẹ̀ tí ó wọ̀ ọ́ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ilé ìṣọ́ tí a gbà wọlé ń jẹ́ A. Ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn, tí wọ́n sì ń sun òkú, ni wọ́n pè ní Station Z. Lẹ́tà ábídí ni àwọn ìkà yìí fi ṣẹ̀fẹ̀: ẹni tí ó bá gba A wọlé, Z ni yóò gbà jáde. Ní 1941, wọ́n pa àwọn ọmọ-ogun Soviet tí ó lé ní 10,000 ní àgọ́ náà. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ wọn gíga wọn. Bí ẹnì kan bá ti fara ti òpó, ìbọn a dún lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó kú níbẹ̀. Bayume Mohamed Husen, ọmọ Dar es Salaam, tí ó jà fún Jámánì nínú ogun àgbáyé kìíní nígbà tí ó wà ní kékeré, kú síbẹ̀ ní 1944.

Kí ni ìyàtọ̀ òwe tiwa sí àkọlé yẹn? Bàbá tí ó ń bọ́ ọmọ ni ó ń pa tiwa fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn ni ó kọ tiwọn. Nítorí náà, kí a tó gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ẹni tí ó ń sọ ọ́.

Mo bi amọ̀nà wa bí àkọlé náà kò tíì di ohun lásán létí rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ó bá dà bẹ́ẹ̀ ni òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀.