Àwìn, Orúkọ àti Ìwà: Bí A Ṣe Ń Tún Orúkọ Tó Bàjẹ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ lónìí kò dùn mọ́ mi lẹ́nu, nítorí pé èmi fúnra mi ni àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ẹ ó rántí ìgbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ yá owó tí a ó fi parí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ Ifá. Orúkọ mẹ́ta ni a kọ sínú ìwé. Ilé ìfowópamọ́ náà wo àkọsílẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì dá ìwé náà padà. Orúkọ tèmi ni kò jẹ́ kó gún. Èmi tí mo ń sọ fún ẹlòmíràn pé ìwà lẹ̀sìn, èmi ni wọ́n bẹ̀ pé kí n yọ orúkọ mi kúrò. Òjò ọdún yẹn bá gbọ̀ngàn náà láìní òrùlé.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ní 2021, mo yá ₦600,000. Mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Èyí tó pọ̀ jù bá ayẹyẹ lọ. Ní oṣù Kejì 2022 ni àwa olùkọ́ fásitì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó gba oṣù mẹ́jọ, owó oṣù sì dúró. Ìyanṣẹ́lódì yìí ni mo máa ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àwọn tó ń wá dífá lọ́dọ̀ mi kò yanṣẹ́ lódì. Owó díẹ̀díẹ̀ ń wọlé. Ǹ bá ti lọ bá àwọn tó yá mi lówó, kí n ṣàlàyé, kí n máa san ìwọ̀nba tí agbára mi ká. N kò lọ. Mo pa fóònù, mo ra síìmù tuntun, mo sì lọ ṣí àkáǹtì sí ibòmíràn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Láti 2014 tí BVN ti dé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló so gbogbo àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ní 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní GSI lélẹ̀: bí ẹni tó yáwó bá kọ̀ tí kò san, báńkì tó yá a lówó lè gba owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ tó wà ní báńkì mìíràn. Ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì mi tuntun ni wọ́n yọ tiwọn ráúráú, gbèsè náà kò sì tíì tán.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àjèjì lèyí. Èdè wa ń jẹ́rìí pé àwọn baba wa mọ̀ ọ́n: àwìn, gbèsè, èlé, ìwọ̀fà, onídùúró, ológò. Ológò ni ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí a ó fi san án. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ni a sì ń pè ní Òṣómàáló. Ẹ fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn nínú rẹ̀: òṣòó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi. Láyé ìgbà náà, ojú ni a ń mọ̀ tí a fi ń tàwìn fúnni. Lóde òní, ojú ti di ìwé.

Ìwé náà ni òyìnbó ń ṣírò rẹ̀ sí credit score. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní máàkì àwìn. Nàìjíríà ti ní òfin tó dá lórí àkọsílẹ̀ yìí láti 2017. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi CRC, CreditRegistry àti FirstCentral ló ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn báńkì ń fi ìròyìn wa ránṣẹ́ sí wọn: iye tí a yá, ọjọ́ tí a san, ọjọ́ tí a kò san.

Nígbà tí ojú tì mí tán, awo ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ká rúbọ kí àkọsílẹ̀ náà lè parẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ Ifá. Ẹbọ kì í gba ipò gbèsè sísan. Ohun tí a bá fẹ́ràn tí a sì yọ̀ǹda ni ẹbọ, nítorí náà gbèsè tí a ń fi ìnira san gan-an ni ẹbọ rẹ̀. Ẹ rántí Ọ̀rúnmìlà nígbà tó lé Ìwà aya rẹ̀ lọ. Iyì rẹ̀ bá Ìwà lọ. Ọ̀rúnmìlà kò jókòó sílé. Ó dìde, ó ń wá a kiri láti ilé awo kan dé òmíràn. Ẹni tó bá sọ ìwà nù, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá a.

Ọ̀nà tí èmi fẹsẹ̀ rìn nìyí.

Èkíní, mo gba àkọsílẹ̀ mi. Ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti gba ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Mo bá gbèsè kékeré kan níbẹ̀ tí mo ti san tipẹ́. Mo kọ ìwé pé àṣìṣe ni, mo so ẹ̀rí ìsanwó mọ́ ọn, wọ́n sì tún un ṣe.

Èkejì, mo lọ bá olówó mi lójúkojú. A jọ dá iye tí n ó máa san lóṣooṣù, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san án tán.

Ẹ̀kẹta, mo gba ìwé ẹ̀rí pé gbèsè ti tán. Ẹ má fi èyí ṣeré. Lẹ́yìn oṣù méjì, orúkọ mi ṣì wà lára àwọn ajẹgbèsè. Ìwé náà ni mo fi jà.

Ẹ̀kẹrin, mo yá owó kékeré, ₦50,000, ní báńkì kéréje kan tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́, mo sì ń san án kí ọjọ́ tó pé. Máàkì mi ti ń gòkè, ṣùgbọ́n kò tíì padà sí ibi tó wà.

Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè pa àkọsílẹ̀ òtítọ́ rẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ayánilówó orí fóònù tó ń kọ ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó ẹni. Láti 2022 ni àjọ FCCPC ti ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, sùúrù lẹ nílò: àkọsílẹ̀ gbèsè tí a kò san a máa wà fún ọdún mẹ́fà ní Britain, àti ọdún méje ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì dùn mí jù. Ìyá kan wà láàárín wa tó ti ń dá èsúsú fún ọgbọ̀n ọdún láì yẹ ọjọ́ rí. Ó lọ yáwó, wọ́n ní kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Èmi tí mo sá ní ìwé tó bàjẹ́. Ìyá tó ṣòótọ́ kò ní ìwé rárá! Èsúsú yìí kan náà ni wọ́n gbé dé Trinidad tí ó di susu. Orúkọ rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Esusu ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà, èyí tí ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Wọ́n ń fi ìròyìn owó ilé tí ayálégbé ń san lásìkò ránṣẹ́ kí máàkì rẹ̀ lè gòkè. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn odi bá lè fi orúkọ àṣà wa tún orúkọ ènìyàn ṣe, kí ló dé tí ìwé èsúsú tiwa ṣì wà nínú orí ìyá alájọ nìkan?

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa máa kọ èsúsú sílẹ̀, kí a sì gbé e gba báńkì kéréje tí yóò máa ròyìn ẹni tó ń san lásìkò. Kí ẹni tí gbèsè bá sì ká mọ́ láàárín wa wá sọ kó tó pa fóònù. A kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyánífá tó fọwọ́ sí ìwé rọ́pò mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló sìn mí dé ọ̀dọ̀ olówó mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yìí ti ní òrùlé, orúkọ rẹ̀ ló sì gbé òrùlé náà ró.

Àbọrú, àbọyè, àbọ ṣíṣẹ. Àṣẹ.