Ohùn Ẹni Tí Ń Kàwé fún Wa

Ọ̀rọ̀ ìwé àfetígbọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyíinì ni ìwé tí ẹnì kan kà sínú ẹ̀rọ kí àwa lè máa fi etí gbọ́ ọ. Ohun rere ni fún àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àti fún ẹni tí ń dáná. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, adùn ìtàn a bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin inú ìtàn kan jáde ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Ring Road, níhìn-ín ní Ìbàdàn, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Mọ́lété. Òǹkàwé wá pe ọkọ̀ ní ọkọ. Lójú ẹsẹ̀, baálé ilé kan ni ẹ ó máa rò lọ́kàn. Kò pẹ́, ẹ gbọ́ pé ọkọ náà dé, ó ti kún, kò gba èrò mọ́! Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìtàn ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ń fi ojú kàwé rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. Ẹni tí ń fi etí gbọ́ kò ní ju ohùn òǹkàwé lọ.

Ti orúkọ ènìyàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Àkàrà-ògùn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1938. Oògùn ni ó wà nínú orúkọ náà, nítorí pé ọdẹ olóògùn ni ọkùnrin yìí. Bí òǹkàwé bá pè é bí ogun tí a ń jà, tàbí ogún tí a ń jẹ, ó ti gba oògùn lọ́wọ́ ọdẹ kí ó tó wọ igbó.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òǹkàwé nìkan. Ọ̀pọ̀ ìwé ni a ń tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Nítorí náà, kí òǹkàwé ka ìwé tán kí ó tó jókòó ti ẹ̀rọ. Kí ó fi àmì sí ibi tí ó rú u lójú. Orúkọ ìlú, kí ó bi ọmọ ìlú. Bí ó bá sì ṣì í pè, kí ó tún un kà. Ẹ̀rọ gba àtúnṣe.

Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè máà ní olùkọ́ mìíràn ju ìwé yìí lọ. Bí ó bá ti gbọ́ ọ ni yóò máa pè é títí ayé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó dìgbà ó ṣe o.