Àwòrán kan lálaalẹ́

Tí ẹ bá ń gbọ́ họ́ọ̀nù tírélà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Inú BQ lẹ́yìn ilé onílé ni mo wà, ní Àpápá GRA níbí. Mo ti fi fóòmù dí fèrèsé, ṣùgbọ́n tírélà ò mọ̀ pé èèyàn ń gba ohùn sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún èèyàn púpọ̀. Lálaalẹ́, kí n tó sùn, mo máa ń ṣe àwòrán kan. Kì í ṣe pé mo mọ àwòrán yà o. Tí ẹ bá ní kí n ya ewúrẹ́, ẹ ó rò pé àga ni. Fractal ni mò ń ṣe.

Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tí mò ń bá ṣe fídíò sọ pé àwọn ò ní lè gbà mí sí i mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo jí láago márùn-ún bí ìṣe mi, mo wẹ̀, mo wọṣọ, kí n tó rántí pé mi ò ní ibi tí mò ń lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ọjọ́ jọra wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá fi XaoS hàn mí, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ní kí n kàn tẹ ibi tó bá wù mí lójú àwòrán náà, kí n máa wọ inú rẹ̀ lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo jókòó. Nígbà tí mo máa fi gbórí sókè, jẹnẹrétọ̀ onílé ti kú, bátìrì mi sì ti fẹ́ tán. Mo fi àwòrán kan pamọ́, mo kọ déètì sí i. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo lè nawọ́ sí.

Kí ni fractal? Nǹkan tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ọn tó, ẹ ó máa rí ohun tó jọ gbogbo rẹ̀ ní kékeré nínú rẹ̀. Benoit Mandelbrot ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1975. Èyí tí mò ń ṣe, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ní 1980, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní IBM, ó fi kọ̀ǹpútà wò ó.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Mú nọ́ńbà kan, kí o bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́po ara rẹ̀, bíi 2 lọ́nà 2, kí o fi nọ́ńbà rẹ kún un, kí o tún un ṣe. Tó bá jẹ́ 1 lo mú: 0 di 1, 1 di 2, 2 di 5, 5 di 26, 26 di 677. Ìyẹn ti sá lọ. Tó bá jẹ́ -1: 0, -1, 0, -1, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ayé. Ọmọ ilé nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á kun àwọn ọmọ ilé ní dúdú, á sì fi àwọ̀ sí àwọn tó sá, bí oníkálukú ṣe yára tó. Ẹnubodè àárín wọn ni adùn wà. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé.

Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ di ṣùkú ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Fractal ni mò ń wò lórí fóònù. Ìyá onídìrí fọwọ́ gbá mi léjìká: “Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wò tí o ò fi gbórí dúró?”

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, “Ṣé irun nìyẹn?”

“Rárá, mà. Ìṣirò ni.”

“Ìṣirò wo? Mo mú irun díẹ̀ níwájú orí, mo mú díẹ̀ kún un, mo tún mú díẹ̀ kún un. Ohun kan náà lọwọ́ mi ń ṣe, òun ló ń tóbi fúnra rẹ̀. Gbórí sókè.”

Mo gbórí sókè. Nígbà tí mo délé ni mo lọ wá a kà. Ron Eglash, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti kọ odidi ìwé lórí rẹ̀ ní 1999: African Fractals. Ó kọ nípa irun dídì, ó sì kọ nípa abúlé àwọn Ba-ila ní Zambia, tí àwọn ilé tó tò yípo tún para pọ̀ di òbírí ńlá kan. Mo tún padà síbi àwọn fọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ẹ lọ wò wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn, ìpàkọ́ ló yà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Mi ò sọ pé ìyá onídìrí ló dá ìṣirò Mandelbrot sílẹ̀ o, ẹ má gbé mi lọ sórí Twitter. Irun máa tán lórí èèyàn; nọ́ńbà kì í tán. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, mo máa ń tọrọ àyè kí n tó ya fọ́tò ìpàkọ́ àwọn tí wọ́n bá dì tán. Ìyá náà ní ìka ti ń dun àwọn, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ àwọn dídì tó gba wákàtí mẹ́fà mọ́. Mo ti ní mẹ́tàdínlógún nínú fóònù.

Àbúrò mi ní kí ló dé tí n ò kàn ní kí AI máa ṣe àwòrán náà fún mi. Mo ti dán an wò. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó di kúrúkúrú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tèmi, ibì kan ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ lè débẹ̀.

Mo ti fo ọjọ́ mọ́kànlá. Iṣẹ́ ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, alẹ́ míì wà tí oorun á ti gbé mi lọ. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà ò sì dára, bí ọbẹ̀ àná ni wọ́n rí.

Ẹ gba ti àná: -0.75 ní ìbú, 0.1 ní òòró. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù fractal èyíkéyìí tó bá ń gba nọ́ńbà, kí ẹ máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ó rí àwọn nǹkan tó ká ìrù bí ẹja tí wọ́n ń pè ní ẹṣin òkun. Tí bátìrì yín bá kú síbẹ̀, ẹ má pè mí o. Ó dàárọ̀.