Nígbà tí Àwo Kọ̀ǹpútà Bá Dákẹ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí ilé iṣẹ́ ìjọba tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Nàìjíríà lónìí tí kì í fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ àwọn tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì, èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ilẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó, àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ti re ibi àgbà ń rè, púpọ̀ nínú wọn ni ó wà nínú ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní hard disk. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí ń rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dákẹ́ ni olówó rẹ̀ ń mọ̀ pé ẹrù iyebíye ni òun dì lé e lórí.

Nígbà náà ni ìdánwò dé. Owó iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò kéré, ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn sì lè jìn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn wá àkọsílẹ̀ wọn. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò dáwọ́ lé e mọ ohun kan: lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìsàn àkọ́kọ́ ni ó ń pa àkọsílẹ̀ run pátápátá, bí kò ṣe ìkánjú ẹni tí ó fẹ́ wo àìsàn náà sàn.

Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, síbẹ̀ mílíọ̀nù 5 lẹ́tà péré ni ó lè gbà. Ti òde òní kéré, ó sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Àwo tí wọ́n fi èròjà òòfà bò ń yí bí òòyì, ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan; apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń lọ, ó ń bọ̀ lókè rẹ̀, ó ń kọ, ó ń kà, láìfi ara kàn án. Àlàfo tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìnípọn irun orí. Eruku tí ojú kò lè rí dà bí àpáta níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá tú àwo nínú yàrá rẹ̀, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ eruku wọlé, fi ń ba èyí tí ó kù jẹ́. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ a máa tú u níbi tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan ṣì ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àtijọ́, wọ́n ń gbé e sínú fíríìsà. Wọn kò rántí pé omi a máa sẹ̀ bí ìrì sí ara ohun tútù bí ó bá bọ́ sínú ooru.

Kí ni kí olúwarẹ̀ ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó fetí sílẹ̀. Bí àwo bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, tàbí tí ó ń ha bí irin tí wọ́n ń pọ́n, kí ó pa á lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì tún tàn án mọ́. Irú èyí kọjá iṣẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ariwo, tí kọ̀ǹpútà sì ń rí àwo náà síbẹ̀, ìrètí ń bẹ. Kí ó pààrọ̀ wáyà rẹ̀ wò, nítorí ó lè jẹ́ pé wáyà ni ó bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè bóyá kí òun format àwo náà, kí ó kọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó da gbogbo àwo náà kọ sórí òmíràn tí ó tóbi tó o. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ddrescue. Ibi tí ó rọrùn láti kà ni ó ń kọ́kọ́ kó, ibi tí ó bàjẹ́ di ìkẹyìn. Bí olúwarẹ̀ bá sì ní kí ó máa ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí iṣẹ́ dé, yóò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bí iná mànàmáná bá lọ lójijì.

Lẹ́ẹ̀kẹta, orí ẹ̀dà ni kí ó ti wá ìwé rẹ̀, kì í ṣe orí àwo tí ń ṣàìsàn. TestDisk àti PhotoRec, tí àwọn náà jẹ́ ọ̀fẹ́, wà fún èyí. Lórí àwo tí ń yí, ìwé tí wọ́n pa rẹ́ kì í kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé atọ́ka ni ó kúrò, títí di ìgbà tí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn lé e. Nítorí náà, kí ó má ṣe kó ohun tí ó bá rí padà sórí àwo kan náà. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD yàtọ̀: púpọ̀ nínú wọn a máa nu àyè ìwé tí wọ́n pa rẹ́ fúnra wọn.

Ohun tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè ṣe hàn ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú Columbia tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀run fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè ìpínlẹ̀ Texas, àwọn 7 tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọ́n rí àwo kọ̀ǹpútà kan láàrin àfọ́kù rẹ̀, iná ti jó o kọjá mímọ̀. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fọ àwo inú rẹ̀, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì rí nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà. Ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Bí èyí tí ó já láti ojú ọ̀run bá lè ní ìrètí, kò yẹ kí èyí tí ó dákẹ́ lórí tábìlì pàdánù tirẹ̀ nítorí ìkánjú.

Síbẹ̀, ìgboyà jù lọ ni ti ẹni tí kò dúró de ọjọ́ ibi. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pàtàkì jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má wà lórí irú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn, níbi tí iná tàbí olè kò ti lè kó gbogbo wọn lọ pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan olórí ọ́fíìsì ju ẹnikẹ́ni lọ. Arúgbó tí ó fi ọdún 35 sin ìjọba kò mọ ohun tí hard disk ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bá kú láìní ẹ̀dà, oúnjẹ rẹ̀ ni ó kú.