Ọjọ́ Kan Nínú Igbó Erékùṣù

 

Àwọn kan nínú yín ń bi wá pé: "Kí ni àgbà tó ti mọ oko í ro tún fẹ́ fi ìwé kíkọ ṣe?" Ìbéèrè náà dára. Lónìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ó rí ìdáhùn níbẹ̀.

Erékùṣù kan wà ní ilẹ̀ Pánámà. Barro Colorado ni orúkọ rẹ̀. Amọ̀ pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Sípéènì. Òkè ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà omi Pánámà fún ọkọ̀ òkun, wọ́n sé odò Chagres. Omi kún, ó bo àfonífojì, orí òkè nìkan ló yọ síta. Ọ̀nà omi náà ṣí ní ọdún 1914. Ní ọdún 1923, wọ́n ya erékùṣù náà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣọdẹ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ láti kọ́ nípa igi, ẹranko àti kòkòrò. Báwo ni ọjọ́ wọn ṣe ń rí?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀bọ ńlá kan tí ń bú ramúramù ti jí wọn. Wọn ò nílò àkùkọ. Wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á sì múra. Ṣòkòtò gígùn ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn. Bàtà tó ga ni wọ́n ń wọ̀ nítorí ejò. Wọ́n á gbé omi mímu dání. Wọ́n á sọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún àwọn tó kù nílé, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn ó ti wá wọn bí ilẹ̀ bá ṣú.

Nínú igbó yìí, ènìyàn kì í ṣàdédé di igi mú o! Ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gún dúdú gígùn bo ara rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí amọ̀, tó sì di ọ̀pẹ náà mú, kò ní í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an? Apá kan igbó náà gùn ní kìlómítà kan, ó fẹ̀ ní ìdajì kìlómítà. Gbogbo igi ibẹ̀ ni wọ́n ń kà, títí kan èyí tó tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Igi náà ju 200,000 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n á wọn bí ó ti tóbi tó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọdún márùn-ún bá pé, wọ́n á tún un ṣe. Àwọn mìíràn ń ṣa èso tó já sínú àwọ̀n. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ ẹranko kékeré kan tó jọ òkété, tí ń ri kóró èso mọ́lẹ̀. Èyí tí kò bá padà wá hú, ó lè di igi.

Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kejìlá, òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Nítorí náà, pẹ́ńsù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ̀wé, torí omi ń pa tàdáwà rẹ́. Bí alẹ́ bá lẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n, àbí? Síbẹ̀ wọn kì í tíì sùn. Wọ́n á da gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà kan ṣì. Ohun tí wọn ò bá kọ lónìí, bí wọ́n bá rántí rẹ̀ lọ́la, iyèméjì ti wọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ ìwúlò rẹ̀. Ọ̀dá líle dá ní erékùṣù náà ní ọdún 1983. Ojú lásán lè rí i pé igi ń kú. Ṣùgbọ́n irú igi wo ló kú jù? Ẹ̀yà wo ló fara dà á? Nítorí pé wọ́n ti ka igi wọ̀nyí ṣáájú ọ̀dá, tí wọ́n sì tún wọn kà ní ọdún 1985, ìwé dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀dá ò ṣàjèjì sí wa. Ọjọ́ wo ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún tó kọjá? Ọjọ́ wo lẹ gbin àgbàdo? Àpò mélòó lẹ kó? Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, èló lẹ ra agbọ̀n ata kan lóṣù tó kọjá? Bí ẹ bá ń janpata lórí ìdáhùn nínú ilé, ẹ wo ohun tó sọnù.

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù kan. Ẹ kọ déètì sókè. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn. Bí a bá tún pàdé, ẹ mú un wá, ká jọ kà á.