Mọ́tò Tí Kò Rìn Jìnnà
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

  

Nígbà tí alága ní kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wá sọ̀rọ̀, a rí i pé àwọn kan ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rò pé a fẹ́ wá ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ ìrẹsì yín. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la bá wá.

Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá wá yáwó mọ́tò, mọ́tò akẹ́rù ni, tí ẹ fẹ́ fi máa kó tòmátì àti ata láti Mile 12. Nísinsìnyí, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ló pọ̀ jù nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ń kọ wá. Mẹ̀sí, Lexus, jíìpù. Ó ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á á fi ìdùnnú kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Kò tíì rìn púpọ̀." Gbólóhùn yẹn la fẹ́ bá yín yẹ̀ wò, nítorí ó ti ná ẹgbẹ́ yìí lówó, ó sì ti ṣẹ́ apá ọ̀kan nínú wa.

A ò sọ pé kí obìnrin ọjà má gun Mẹ̀sí o. Obìnrin ọjà àti Mẹ̀sí ti jọ ń bá ara wọn bọ̀ tipẹ́. Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ àǹkárá ní ọjà Lomé, ní ilẹ̀ Togo, Nana Benz ni gbogbo ayé ń pè wọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1990, nítorí Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Ìjọba Togo gan-an a máa yá mọ́tò wọn lò bí àlejò pàtàkì bá wọ̀lú. Ẹ gbọ́ ná: ìjọba ló ń tọrọ mọ́tò lọ́wọ́ aláṣọ! Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó CFA sí ìdajì. Aṣọ tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Holland gbówó lérí lójijì, òwò ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dẹnu kọlẹ̀. Èrè aṣọ ló ń bọ́ Mẹ̀sí wọ̀nyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nílé níbí, Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ la máa ń pè é, nítorí ọyẹ́ tó ń fẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń pa ará ìta. Ọyẹ́ yẹn náà ló tan àwa ìgbìmọ̀ jẹ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ wa ní Ìkòtún ti fún wa láyè ká sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tilẹ̀ ní bí a bá fi nǹkan kan pamọ́, òun á dìde níbi tóun jókòó sí, òun á parí rẹ̀. Ní ọdún 2021, ó wá bá wa pé òun rí Mẹ̀sí kan ní Ìpàjà, irú èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní V-Boot, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1994. Bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ni ín. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó fi tapólì bo mọ́tò náà sínú ọgbà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá títí bàbá fi dolóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà á. Kìlómítà tó rìn láti ọjọ́ tó ti dáyé kò ju 61,000 lọ.

Àwa márùn-ún la lọ wò ó. A jókòó sínú rẹ̀, ìjókòó aláwọ náà gbá wa mọ́ra. Àwọn ọmọ olóògbé ti ra bátìrì tuntun sí i, wọ́n ti fi gáàsì sí ọyẹ́ rẹ̀. Wọ́n tan án, ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọyẹ́ fẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní òun ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì tó bá wa lọ ní kí a san ₦10,000 fóun kí òun gbé e sókè, kí òun wo abẹ́ rẹ̀ àti ojú rọ́bà rẹ̀ gbogbo. A ní ó fẹ́ jẹ wá ni. Kí ló fẹ́ wò lára nǹkan tó ń dán báyìí? A padà wálé, a fọwọ́ sí ₦1,600,000, onídùúró méjì sì tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwọn ọmọ náà kò purọ́ fún wa. Nọ́ńbà yẹn, òótọ́ ni. A padà lọ wo ìwé tí bàbá fi ń kọ gbogbo àtúnṣe rẹ̀ sí, ó bá a mu rẹ́gí. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn, pé òótọ́ ló kó wa sí wàhálà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mọ́tò náà kú ní Ẹ̀gbẹ́dá. Epo tó ti wà nínú táǹkì láti ọjọ́ pípẹ́ ti bàjẹ́, ìpẹtà ti bo inú táǹkì, ó sì ti dí ojú ọ̀nà epo títí pọ́ǹpù fi jóná. A tún un ṣe. Oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń kú, ó ń jí. Rẹwáyà ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ kan wáyà, rọ́bà ara wáyà náà sì ń wó lulẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ bí àkàrà àná. A wá gbọ́ pé àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn Mẹ̀sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú nìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ẹ́ńjìnnì nígbà náà kì í pẹ́ kó tó gbó, ooru àti ọjọ́ orí ló ń jẹ ẹ́, kò bèèrè bóyá mọ́tò rìn tàbí kò rìn.

Èyí tó dun gbogbo wa ni ti táyà. Ìgbéyàwó la ń lọ ní Ìgandò, aṣọ ẹbí lọ́rùn, gèlè lórí. Ní ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rì, táyà ẹ̀yìn bẹ́ gbàù, mọ́tò yà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí gọ́tà. A dúpẹ́ pé kò sí tírélà lẹ́yìn wa. Apá Ìyá Aláta ṣẹ́. Ó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ẹ bá wa kí i. Nígbà tí fọ́kánáísà wo táyà náà, ó fi nọ́ńbà kan hàn wá lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni. Táyà tí wọ́n bá ṣe láti ọdún 2000 síbí, mẹ́rin ni nọ́ńbà rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni. Èyí tó bá jẹ́ mẹ́ta, kò tíì tó ọdún 2000 tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀rún táyà tí à ń wí yìí jin bíi tuntun, ó dúdú, ó ń dán, ó sì dàgbà ju ọmọ tó ń wa mọ́tò náà lọ.

Ẹ má sọ pé ti olówó kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kú ní ọ̀nà Kaduna sí Abuja, lẹ́yìn tí táyà jíìpù wọn bẹ́.

Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ₦740,000 ti wọlé lé owó tí a fi ra mọ́tò náà, láìka owó ilé ìwòsàn. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kò rí ẹ̀yáwó san fún oṣù mẹ́rin. Òfin ẹgbẹ́ ni òfin ẹgbẹ́: a di owó àjẹṣẹ́kù àwọn onídùúró rẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú wọn ń tọ́jú tirẹ̀ fún owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ní LASU, ọmọ náà kò sì rí orúkọ fi sílẹ̀ lásìkò. Kò bá wa jà. Ó kàn ń kí wa láàárọ̀ láàárọ̀ bó ṣe máa ń kí wa, ìyẹn ló wá ń dùn wá jù. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti san gbogbo rẹ̀ tán báyìí, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onídùúró rẹ̀. Àwa tí a kọ̀ láti san ₦10,000, àwa la jẹ̀bi jù.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra àgbà mọ́tò tí kò rìn púpọ̀, ẹ mọ̀ pé ohun méjì ló ń gbó mọ́tò: ìrìn àti ọjọ́ orí. Kìlómítà ń ka ìrìn nìkan. Kò sí ohun tó ń ka ọjọ́ orí fún yín ju ojú yín àti mẹkáníìkì yín lọ, ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá pè wá. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti ń bá a ṣe nǹkan kí ẹ tó dé. Ẹ wo gbogbo ohun tó jẹ́ rọ́bà: táyà, bẹ́líìtì, páìpù omi, páìpù bíréèkì, rọ́bà abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá le bí igi tàbí ó sán, owó rẹ̀ nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Nọ́ńbà kìlómítà náà kò ṣòroó dá padà, àwọn kan ló ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ fún bíréèkì, ẹ wo ara síárìnnì, ẹ wo etí ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Mọ́tò tó bá ní òun rìn 60,000, tí rọ́bà bíréèkì rẹ̀ ti jẹ dé irin, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Mọ́tò àlòkù tó ti lé ní ọdún 12 láti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára ohun tí ìjọba kà léèwọ̀ láti kó wọlé, láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni wọ́n sì ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, ẹ̀yáwó ṣì wà lọ́rùn yín o.

Ẹ gbọ́ ti ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ń tọ́jú mọ́tò, ńṣe là ń gbé e pamọ́ de ọjọ́ Sátidé. Ìgbépamọ́ yẹn ló ń pa á. Ẹ wà á jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Kí a kàn tan án nínú ọgbà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a pa á, omi ló ń kó jọ sínú ọ́ìlì àti sáílẹ́ńsà. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́dọọdún bí kò tilẹ̀ rìn. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ má bu omi kànga sí radiétọ̀, kúlántì ni kẹ́ ẹ rà.

Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin láti ra ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n á bi yín pé tuntun ni àbí Bẹ́ljíọ̀mù. Bẹ́ljíọ̀mù tó jẹ́ ojúlówó sàn ju ayédèrú tuntun lọ nígbà púpọ̀, bó bá jẹ́ irin tàbí ilẹ̀kùn tàbí iná. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ rọ́bà tàbí bíréèkì, ẹ má ra Bẹ́ljíọ̀mù rẹ̀ láéláé. Táyà Bẹ́ljíọ̀mù tí ẹ ń rí lẹ́bàá títì yẹn, òfin tilẹ̀ kọ kíkó o wọlé fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹ rántí àwọn ìyá Lomé. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 ní Èkó di ohun tó lé ní ₦480 lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́, náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ohun tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ bá dọ́là lọ. Ẹ̀lùbọ́ kò bá dọ́là lọ.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé láti oṣù tó ń bọ̀, a ò ní fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ọkọ̀ bọ̀gìnnì kankan láìsí ìwé mẹkáníìkì tó gbé e sókè wò, ẹgbẹ́ ló sì máa san owó àyẹ̀wò náà. Ẹni tó fẹ́ rà á á tún fi ìdá mẹ́ta kan iye owó mọ́tò hàn wá nínú àjẹṣẹ́kù rẹ̀, tí kò ní fọwọ́ kàn àfi fún àtúnṣe. Àwọn kan ti ń sọ pé ó le jù. Ẹ dìbò lé e lórí nípàdé, a ó gbà.

Mọ́tò náà ṣì wà o. Wáyà tuntun, táyà tuntun, táǹkì tí a fọ̀. Òun ló gbé Ìyá Aláta wá síbí lónìí. Ó wà lábẹ́ igi mángòrò níta, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ara táyà, kó bá wa jáde lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.