Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́: Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè Ọya ní. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa rò ó pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò bá ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí àti ìfẹ́ ìlú tan. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìwé ńlá tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ń fi gègé kọ ti di ohun ìgbàgbé nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa. Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà báyìí. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù wọn wà, àti owó tí oníkálukú dá, àti gbèsè tí ó ṣẹ́kù sí i lọ́rùn, àti orúkọ àwọn opó tí ẹgbẹ́ ń ràn lọ́wọ́, àti ìṣirò owó ilé ìpàdé tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Nínú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó yá owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ yìí bá parẹ́ ni bàbá tí ó ti ń dá owó láti ogún ọdún yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹlẹ́rìí kiri pé òun dá a. Ọjọ́ náà ni ìjà yóò wọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìjà owó kì í tètè parí nínú ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn odi, níbi tí kò sí ọba ìlú ẹni nítòsí tí yóò pe àwọn méjèèjì sí ààfin.

Ta ni ó wá ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà? Akọ̀wé ń lò ó, akápò ń lò ó. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi í gbáradì fún ìdánwò JAMB. Ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ibẹ̀ náà ni ó wá. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ àjọni, ebi ní í pa á kú. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá kọ ọ́ sójú pé òun fẹ́ gba àtúnṣe, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní update, ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pé ó di ìgbà mìíràn, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó bá wá. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé e á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Báyìí ni ọdún méjì ṣe ń kọjá.

Kí ni àtúnṣe yìí? Gbogbo kọ̀ǹpútà ní ètò kan tí ó ń darí rẹ̀. Windows ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wa. Ènìyàn ni ó kọ ètò náà, ohun tí ènìyàn bá sì kọ́ kò ní ṣàìní ibi tí ó ti sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Láti ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Microsoft ti fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe ọjọ́ tí ó ń gbé amọ̀ tí a ó fi dí àwọn ibi tí ó sán náà jáde. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ọjọ́ tí a bá kéde pé a ti dí ihò kan, ọjọ́ náà ni olè mọ ibi tí ihò náà wà. Wọ́n á yẹ àtúnṣe náà wò, wọ́n á sì lọ wá ilé tí kò tíì dí tirẹ̀. Nítorí náà, ewu ẹni tí kò gba àtúnṣe ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ náà lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú gbogbo ayé rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tí ó dí ihò ńlá kan nínú Windows. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Bí ó bá ti wọ ẹ̀rọ kan, á fò lọ sí èkejì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn. Á ti gbogbo ìwé tí ó bá nínú rẹ̀ pa, á sì béèrè 300 dọ́là kí ó tó ṣí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150, ó sì ti mú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn aláìsàn tí ó yẹ kí ó rí dókítà tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí a sì ní kí wọ́n padà sílé, lé ní 19,000.

Nígbà tí àwọn tí ń yẹ ìwé owó ìjọba wò níbẹ̀ ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé ìkìlọ̀ ti lọ sí àwọn ilé ìwòsàn náà ṣáájú kí wọ́n gba àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ètò kankan tí àwọn tí ó fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ fi ń mọ ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ibi tí mo dé yìí yé wa dáadáa. Owó wà, ìmọ̀ wà, àṣẹ wà, àtúnṣe náà sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Ìjábọ̀ ni kò sí.

Mo mọ̀ pé àgbà kan lè bi mí pé, ǹjẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ kò ti ba ẹ̀rọ jẹ́ rí? Ó ti bà á jẹ́ o. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe tí ó ní àbùkù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, kọ̀ǹpútà bí 8,500,000 sì dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra, ilé ìfowópamọ́ dúró. Wọ́n rí àṣìṣe náà láàárín wákàtí kan àti díẹ̀, wọ́n sì fà á padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti gbà á ti gbà á ná, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn sì ní láti fi ọwọ́ tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a fi sùúrù ọjọ́ díẹ̀ sí i. Sùúrù ọdún méjì ti kúrò ní sùúrù. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹgbẹ́ mú ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Bí àtúnṣe náà bá ní àbùkù, ariwo rẹ̀ á ti ta kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ẹ bá ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ, ẹ fi èyí tí ìwé owó kò sí nínú rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ iná àti owó dátà ni yóò tẹ̀lé e, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lórí iná tí kò dúró. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ ìpàdé. Ní ti dátà, Windows ní ètò kan tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì pín in fún àwọn yòókù tí ó wà nínú yàrá kan náà. Delivery Optimization ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ra dátà fún ẹ̀rọ mẹ́wàá yóò mọ bí ìyẹn ti níye lórí tó.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìwà. Àwọn tí ó dá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ mọ ọgbọ́n àpótí owó oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Alága ní ọ̀kan, akọ̀wé ní ọ̀kan, akápò ní ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a ṣí. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí ara wọn. Wọ́n ń dáàbò bo orúkọ ara wọn ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ náà bá rí iṣẹ́ sí Èkó ńkọ́? Bí òun àti ẹgbẹ́ bá ní èdèkòyédè ńkọ́? Lójú tèmi, ẹrù tí kò tọ́ ni a gbé lé ọmọ yẹn lórí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà ti alákòóso ẹ̀rọ sínú ìwé, ẹ fi í sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí àwọn ìjòyè mẹ́ta fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì wà níbi tí ìwé ilẹ̀ ẹgbẹ́ wà.

Kí olúkúlùkù tí ó bá ń lo ẹ̀rọ náà sì ní àkáǹtì tirẹ̀, tí kò ní agbára láti fi ètò tuntun sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wá gbáradì fún JAMB kò nílò agbára alákòóso. Akápò pàápàá kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Fún ẹgbẹ́ tí ó ní yàrá ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ohun èlò kan wà tí ń jẹ́ Deep Freeze. Ohunkóhun tí àwọn ọmọ bá ṣe sínú ẹ̀rọ ní ọ̀sán, bí a bá ti pa á tí a sì tún tàn án, á padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún: bí a kò bá tú u sílẹ̀ kí a tó gba àtúnṣe, àtúnṣe náà á bá ìdọ̀tí lọ. Ìwé owó kò sì gbọdọ̀ wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Veyon, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń jẹ́ kí olùkọ́ rí ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ gbogbo ọmọ iléèwé láti ibi tí ó jókòó sí. Ẹ lò ó bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ ń lò ó. Kí a máa yọ́ wo ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe láìsọ fún un, a kò kọ́ ọmọ wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra fún ayédèrú Windows tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ní ọjà. Ẹni tí ó ń fi í sí i sábà máa ń pa ọ̀nà tí àtúnṣe ń gbà wọlé kí àṣírí má baà tú. Yàtọ̀ sí pé olè jíjà ni, ilé tí a kò lè tún ògiri rẹ̀ ṣe ni ẹ rà.

Ọ̀ràn Windows 10 kò lè dúró pẹ́. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ ti dáwọ́ dúró fún un, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù tí a rà kò sì ní ohun tí Windows 11 ń béèrè. Kí a tó dá owó láti ra tuntun, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbé Ubuntu yẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀dà 24.04 tí ó jáde ní ọdún 2024 sì ní ọdún márùn-ún tí wọn yóò fi máa tún un ṣe. Ó ń gba àtúnṣe ààbò fúnra rẹ̀, LibreOffice tí a lè fi sínú rẹ̀ sì lè ṣí ìwé ìṣirò tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀. Ó gba kí a kọ́ akọ̀wé fún ọjọ́ mélòó kan. Mo rò pé ìyẹn kò tó ohun tí a fi ń sá.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nínú gbogbo èyí, ẹ da àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kọ sórí fláàṣì tàbí dírááfù méjì. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, nítorí pé irú kòkòrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lè ti ohun tí ó wà lára rẹ̀ pa pẹ̀lú. Kí ọ̀kan wà ní ilé ìpàdé, kí èkejì wà nílé ìjòyè kan.

Òfin náà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹni tí ó bá kó ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn pamọ́ dáàbò bò ó bí ó ti yẹ. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè pa àwọn tí ó ni ín lára, kí a fi tó Àjọ tí ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ju pé kí ẹ yan ẹnì kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ní ìpàdé gbogbogbò, kí ẹ fún un ní orúkọ oyè, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́. Ní ìpàdé oṣooṣù, lẹ́yìn tí akápò bá ti sọ iye owó tí ó wọlé, kí òun náà dìde, kí ó sọ ọjọ́ tí ó gba àtúnṣe, ẹ̀rọ tí ó gbà á àti èyí tí kò gbà á, àti ọjọ́ tí ó da àkọsílẹ̀ kọ gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjòyè tuntun bá gorí oyè, kí wọ́n ya àpòòwé náà lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi tuntun sínú àpòòwé mìíràn kí ìpàdé tó tú.